Ta Ló Ni Ìró Bàtá?

Ṣé ìlù lè ní ẹ̀sìn? Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mo wà, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Erékùṣù Èkó, láti ìgbà tí ọ̀gá akọrin wa ti ní òun fẹ́ kí bàtá bá wa ṣe ìkórè. Gángan ti ń dún láàárín wa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń dún. Ṣùgbọ́n bàtá? Àwọn àgbà ní ìlù Ṣàngó ni, ìlù Eégún ni, kò gbọdọ̀ dún níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ Jésù. Áátò ni mò ń kọ, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún sì ni àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò fara mọ́ ohun tí wọ́n wí. Mi ò sì fara mọ́ èsì tí àwọn ọ̀dọ́ ń fọ̀ fún wọn, pé igi lásán àti awọ lásán ni ìlù. Mo fẹ́ wá ibi tí òtítọ́ fìdí sí láàárín èrò méjèèjì, ìlú Èkó fúnra rẹ̀ ni màá sì fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Campos Square, ní Pópó Àgùdà, àdúgbò ìyá bàbá mi. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn fúnra wọn tàbí ọmọ wọn ló padà wálé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn là ń pè ní Àgùdà. Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ Mùsùlùmí láti Bahia. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀, bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Wọ́n mú frejon bọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí màmá mi àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dé ìdí ìkòkò rẹ̀. Wọ́n sì mú ìlù kan bọ̀, sámbà, ìlù onígun mẹ́rin tí káfíńtà ń fi pákó kàn, tí wọ́n ń fi awọ bò lójú kan. Ìró rẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn abòjú Pópó Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Kárétà ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá jáde lọ́dún. Ìlù yìí kan náà ló di ìlù àṣíkò, tí àwọn ọmọ Èkó ń jó níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Mo ti rí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun náà, tí arábìnrin kan gbé e mọ́ àyà tí ó ń lù ú bí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀sìn wo ni sámbà ń ṣe?

Ní Campos Square yìí kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wo ìwọ́de Kátólíìkì fún àjọ̀dún Ara Kristi. Ibẹ̀ ló ti ríran, tí ó sì wọ ojú ìran. Wọ́n ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, pé kí ó wá gbàdúrà fún un. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ tó padà di Kérúbù àti Séráfù ti dúró. Ìlù, àtẹ́wọ́ àti ijó wà nínú ìsìn wọn, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Èkó ṣì ń wo ìlù gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi sílẹ̀ sínú igbó. Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìwọ́de ìjọ kan ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìjọ mìíràn, ní pópó tí orin àwọn tó ti Brazil bọ̀ ti ń dún.

Ká rìn díẹ̀ dé Martins Street, ká dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894. Mohammed Shitta, ọlọ́jà ńlá, ló náwó sí i. Ọba Tọ́kì ló fún un ní oyè Bey. Ọmọ Àgùdà ni ọ̀gá tó kọ́ ilé náà, João Baptista da Costa. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ Bahia máa rí ìrísí wọn lára ògiri mọ́ṣáláṣí náà. Mi ò tíì gbọ́ kí Mùsùlùmí kan sọ pé ìrun tí wọ́n kí níbẹ̀ kò gbà nítorí ọwọ́ tó to bíríkì rẹ̀.

Mùsùlùmí ni bàbá tó bí ìyá mi, Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé. Bí a bá lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oṣù Ààwẹ̀, orin ajísààrì ló máa ń jí wa ní òru dúdú. Àwọn ọmọkùnrin máa ń gba ojú pópó kọjá pẹ̀lú agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa pe onílé kọ̀ọ̀kan kó dìde kó jẹ sààrì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ àlùfáà kì í pe orin náà ní ìjọsìn. Ó ní ìjọsìn ń bẹ níwájú, orin kàn ń ji ènìyàn lọ bá a ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nítorí inú ajísààrì yìí, tí wọ́n tún ń pè ní wéré, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde. Láti kékeré ló ti ń kọ ọ́ ní ìgboro Èkó. Nígbà tó yá, ó fi kún un, ó sọ ọ́ ní fújì, orin tí à ń torí rẹ̀ náwó lóde àríyá, tí ọtí ń ṣàn níbẹ̀. Ó kú ní 2010, títí di òní ọmọ rẹ̀ nínú orin kò lóǹkà. Ìró tó ti ibi Ààwẹ̀ jáde ni ìró yẹn. Bó bá jẹ́ pé ìwà mímọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ìró, gbogbo ẹni tó ń jó fújì ní Mushin ní òru Sátidé ń jọ́sìn nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ ti gbà pẹ̀lú mi láì mọ̀. Bí ìwà mímọ́ kò bá lè lẹ̀ mọ́ ìró tó kúrò nílé Ọlọ́run, èérí náà kò lè lẹ̀ mọ́ ìró tó ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Jùjú gba ọ̀nà yẹn lọ, ó sì gba ibẹ̀ bọ̀. Ní 1920 ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà dé sí Èkó, tamboríìn wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń wàásù lójú pópó. Láàárín ọdún díẹ̀, tamboríìn ti wọ ọwọ́ àwọn ọmọ Èkó tó ń fi báńjò àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbádùn ara wọn ní Olówógbowó. Túndé King wà lára wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ́kọ́ gbé orin tí à ń pè ní jùjú sínú àwo. Nígbà tí I. K. Dáíró dé, orin aládùúrà ti kún inú jùjú rẹ̀ dénú, òun fúnra rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ Olúwa láàárín àwọn aládùúrà. Ọ̀nà tí tamboríìn gbà jáde nílé ìsìn ni orin rẹ̀ gbà padà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ ní Tinubu Square kí n tó dé Marina, nítorí ó dùn mí. Ilé Ilojo Bar wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Casa do Fernandez, ọ̀kan nínú ilé Àgùdà tó pẹ́ jù ní Èkó. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ilé ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. A ń jà lórí ìlù tó lè dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ògiri tí ìlù wọ̀nyí kọ́kọ́ dún mọ́ ń wó mọ́ wa lójú, a kò sì ké tó bó ṣe yẹ.

Marina wá nìyí, Kàtídírà ti Kristi. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward VIII ló fi ìpìlẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀ ní 1925. 1946 ni wọ́n tó kọ́ ọ parí. Dùùrù rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ó jẹ́ ohùn ìjọsìn tí kò lábàwọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni dùùrù ti wá? Ní Alẹkisáńdíríà, ìlú etí òkun bíi tiwa, ni Ctesibius ti ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Omi ló ń ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ará Róòmù fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú pápá tí ènìyàn ti ń pa ènìyàn fún ìran wíwò. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn tó gbà á wọlé, ọ̀pọ̀ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò sì gbà á títí di òní. Ohùn ẹnu nìkan ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kọrin. Bó bá jẹ́ pé orísun ni a fi ń dá ohun èlò orin lẹ́jọ́, dùùrù ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ó ti kọrin fún ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kó tó wọ ilé Ọlọ́run.

Ẹni tó mọ dùùrù yẹn jù ní Èkó kò bẹ̀rù ìlù. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips jẹ́ olórí orin ní kàtídírà náà láti 1914 títí di 1962, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ohun tó ká a lára ni pé wọ́n ti tú orin ìyìn Òyìnbó sí èdè wa, wọ́n sì fi ohùn Òyìnbó sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ohùn náà ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ̀ kalẹ̀, ìjọ sì ń fi ẹnu kọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni kí orin lè máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, Mójọlá Agbebi ti ń sọ fún àwọn ará Èkó pé ìwé orin, dùùrù àti aṣọ funfun akọrin kì í ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Kristi. Fẹlá Ṣówándé, tó jẹ́ ọmọ akọrin lábẹ́ Phillips, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ dùùrù fún àwọn olórin jáàsì nílé ijó, ó sì di olùtẹ dùùrù ní Kingsway Hall láti 1945 sí 1952. Ìka ọwọ́ kan náà ni, Ọlọ́run sì gba iṣẹ́ wọn.

Hubert Ògúnǹdé náà ń kọ́? Ọlọ́pàá ni ní 1944 nígbà tí ìjọ aládùúrà kan bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe eré láti fi wá owó. Ó ti bá àwọn alárìnjò eléégún jó nígbà èwe rẹ̀. Ó gbé ìmọ̀ yẹn wọ inú ìtàn ọgbà Édẹ́nì, wọ́n sì ṣeré náà ní Glover Memorial Hall, ní ẹ̀yìn Marina níbẹ̀. Eégún ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tó fi sọ ìtàn Ádámù. Láti inú eré ìjọ yẹn ni tíátà Yorùbá tí à ń wò lórí fọ́nrán lónìí ti rí ẹsẹ̀ rìn.

Ìdílé Ransome-Kuti nìkan lè gba ìwé kan fúnra rẹ̀. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti mú ohùn orin ìbílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ Ìhìn Rere sí i, ó sì gbà wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó, pe ilé ijó rẹ̀ ní Èkó ní Shrine, ó sì ń bọ àwọn baba ńlá níbẹ̀ kó tó fọn sàsófóònù. Ẹni kan mú orin òde wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni kejì mú pẹpẹ wọ òde orin.

Títí débi yìí, ó dà bí ẹni pé ti àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń gbè. Ẹ sì dúró. Nígbà tí wọ́n ní igi àti awọ lásán ni bàtá, wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà rẹ̀, wọ́n sì ń bú ẹni tó ni ín. Mo lọ bá onílù bàtá tí ọ̀gá akọrin wa pè, tí wọ́n sì lé ní ìdánrawò wa, mo jókòó tì í. Mùsùlùmí ni, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílù wa ti jẹ́. Orúkọ Àyàn ni wọ́n sì fi ń pè é nílé wọn. Ó jẹ́ kí n rí bílálà, awọ tó fi ń na ṣáṣá, ojú kékeré ìlù náà, ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìda dúdú tó wà lójú òjò, ojú rẹ̀ ńlá. Ó ní bàtá kan wà nílé àwọn tí kì í jáde lọ ṣàríyá, tí wọ́n ń tọ́jú bí wọ́n ti ń tọ́jú àgbà. Èyí tó gbé wá fún wa, ọjà ló gbé e fún, oúnjẹ ọmọ ló ń fi í wá. Fún un, ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Kúbà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ní bàtá tí wọ́n fi Àyàn, òrìṣà ìlù, sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Añá, tí kì í dún níbi tí kò yẹ. Wọ́n tún ní aberikulá, tí kò gba nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, fẹ́ kí àwọn ará Havana gbọ́ bàtá nínú gbọ̀ngàn fún ìgbà àkọ́kọ́, bàtá tí kò ní Añá nínú ni wọ́n lù. Àwọn onílù náà kò wí pé ìlù kò jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n pa ohun mímọ́ wọn mọ́, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n lè fi hàn han ayé. Ẹrú ni wọ́n kó àwọn baba wọn lọ síbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní òye yìí. Kí ló dé tí àwa tó wà nílé fi sọ ọ́ nù?

Ohun tí mo rí nìyí. Dùùrù kì í sọ̀rọ̀. Bàtá ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní akólòlò ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ki oríkì, ó ń pe ẹni tó bá fẹ́ pè. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ìlù kò yàtọ̀ sí èyí tí Jákọ́bù bi ahọ́n: kí ni ó ń wí? Ẹnu kan náà ni à ń fi súre tí a tún ń fi ṣépè, a kò sì torí bẹ́ẹ̀ gé ahọ́n ẹnikẹ́ni sọnù kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ là ń gbọ́. Bí onílù bá ń lu ìlù tó ń ki Ṣàngó, tí áátò sì ń kọ Alelúyà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì là ń sọ lẹ́ẹ̀kan. A parọ́ fún Jésù, a sì ja oníṢàngó lólè. Ìlù Ṣàngó ni kó wà fún Ṣàngó. Ṣùgbọ́n bí bàtá bá ń sọ ohun tí ìjọ ń sọ, ti ìjọ ni ohùn rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ọ̀rọ̀ ló ní ẹ̀sìn. Ìlù kò ní.

Ó ku àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Àwọn mìíràn nínú wọn ní òbí tó fi ojúbọ ilé sílẹ̀, tí mọ̀lẹ́bí sì kọ̀ nítorí rẹ̀. Bí bàtá bá dún, ohun tí wọ́n gbọ́ ni ọjọ́ tí ìyá wọn sunkún kúrò nílé. Ìrántí yẹn kì í ṣe ẹ̀sìn, síbẹ̀ ó wúwo. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ó mọ̀ pé òrìṣà kò lágbára lórí ẹran náà, síbẹ̀ ó ní òun kò ní jẹ ẹ́ bó bá máa mú arákùnrin òun kọsẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, mo gbà pé kí bàtá ṣe sùúrù, kó má kàn já lù wọ́n ní òwúrọ̀ ìkórè. Kí ọ̀gá akọrin pè wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ìlù náà, kí onílù túmọ̀ ohun tí ìlù ń wí fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kò rí ojúbọ rí, tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, tí ìbẹ̀rù wọn ti inú fíìmù wá. Pọ́ọ̀lù kò kọ̀wé nítorí tiwọn. Ìdájọ́ mi ni pé kí bàtá wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, ẹ̀yin fíkà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá máa pe onílù, ẹ pè é bí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó bá yín jókòó ní ìdánrawò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í síta títí ìsìn á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ ìlù kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Bó bá ní ìlù kan wà tí òun kò ní lù níbí, ẹ má fi ipá mú un. Ó mọ ìdí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé olùtẹ dùùrù ń gba owó oṣù, tí onílù sì ń retí ohun tí ìjọ bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ẹ dá iye kan lé e. Kí ẹ sì san án fún un kó tó kúrò ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.